Bí Ilé Màmá Rísí Ṣe Jìnnà Tó

Àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá mi àgbà kú, mo ti wọṣọ iṣẹ́ tán. Òpébì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mi ò bá sì tètè jáde, màá pẹ́ débẹ̀. Mo yà sí yàrá wọn láti sọ pé ó dàbọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n kọjú sí fèrèsé. Mo kí wọn, mo tún kí wọn, mo wá rí i pé wọn kò ní dá mi lóhùn mọ́. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti kírun sí wọn lára, a sì ti sin wọ́n.

Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé Màmá ti lọ sinmi. Mò ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo mọ̀ pé wọ́n ti sinmi ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ kí wọ́n tó kú. Inú yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà láàrin Ọ̀gbà àti Agége, ni wọ́n ti lo àwọn ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn. Láàrin gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jáde fúnra wọn.

Mi ò lè kọ ìtàn gbogbo ayé wọn. Mi ò mọ̀ ọ́n tán, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ti ṣáájú wọn lọ. Irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ni mo mọ̀, àti ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n jáde yẹn.

Àlájà Súwébátù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Máàtì àti jọ́gíráfì ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Agége títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn kì í na ọmọ. Wọ́n á kàn béèrè ìbéèrè, wọ́n á sì dákẹ́, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ. Ìdákẹ́ yẹn le ju ẹgba lọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí nítorí pé ìyá mi, ọmọ wọn obìnrin, ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ìdákẹ́ yẹn ni mo sì fi mọ ìwé.

Àtẹ̀gùn ilé wa ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìdagẹ̀rẹ̀. Mo ti há a sórí láti ilé ìwé, mo ń kà á bí ẹni ń ka ewì, kò sì yé mi. Wọ́n ní kí n gbé rúlà, kí n wọn bí ìgbésẹ̀ kan ṣe ga tó, kí n sì wọn bí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

“Mélòó lo fi gòkè?”

Mo sọ ọ́.

“Mélòó lo fi rìn síwájú?”

Mo sọ ọ́.

“Fi ti iwájú pín ti òkè. Òun náà nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn nínú ìdagẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n rán mi lọ sí ilé kejì, kí n lọ wọn àtẹ̀gùn tiwọn náà. Ti ọ̀hún ga, ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín. Nígbà tí mo dé, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé nínú àwọn àti ìyá onílé ọ̀hún, ta ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀ tí wọ́n bá jọ bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́. Mo ní ìyá onílé ọ̀hún ni. Mi ò tíì fi nǹkan kan pín nǹkan kan. Inú wọn dùn gan-an, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ gíláàsì wọn láti nu ojú. Wọ́n ní, “Orúnkún rẹ lo fi ṣe ìṣirò yẹn. Orúnkún mọ máàtì ju orí lọ.”

Tí wọ́n bá ti kí ìrun Màgíríbì tán tí kò sí iná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni a máa ń wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi pé kí n na ọwọ́ tààrà, kí n di ìkúùkù, pé ibi tí ìkúùkù yẹn gbà lójú ọ̀run tó dìgíríì mẹ́wàá. Ìka ọmọńdinrín gba dìgíríì kan. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n fi ìka ọmọńdinrín bo òṣùpá. Òṣùpá náà yọ kìǹbà, mo rò pé kò lè ṣeé ṣe. Mo na ọwọ́, mo di ojú kan, ìka mi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, àyè tún ṣẹ́ kù. Mo kígbe. Wọ́n ní, “Má ṣe jẹ́ kó gùn ọ́. Kì í ṣe pé ìka rẹ tóbi, ó kàn sún mọ́ ọ ni.”

Wọ́n tún ní kí n gbé àtàǹpàkò sí iwájú ojú, kí n fi ojú ọ̀tún wò ó, kí n dì í, kí n fi ojú òsì wò ó. Àtàǹpàkò mi ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn lára ògiri ilé ìdíkejì. Tí mo bá na ọwọ́ jìnnà, fífò rẹ̀ á dín kù. Òpó iná tó wà ní ìparí àdúgbò kò tilẹ̀ fò rárá. Wọ́n ní ohun tó bá sún mọ́ni ló máa ń fò. Ohun tó jìnnà á dúró sójú kan. Nínú bó ṣe fò tó ni èèyàn ti ń mọ bó ṣe jìnnà tó, láì fi ẹsẹ̀ débẹ̀.

“Ìràwọ̀ ńkọ́, Mà? Òun kò fò.”

“Ó ń fò. Ojú wa méjèèjì ló sún mọ́ra jù. Àwọn tó ń wọn ìràwọ̀ á wò ó lónìí, wọ́n á sì dúró kí ayé yí lọ sí ìhà kejì oòrùn kí wọ́n tó tún un wò. Gbogbo ayé yìí ni wọ́n sọ di ojú ọ̀tún àti ojú òsì.”

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ lè rò pé ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Rárá o. Wọ́n máa ń jà. Ọdún kan, ọkùnrin kan sáré wọ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa pé òun ti rí òṣùpá àwẹ̀, Àlùfáà sì fẹ́ kéde. Màmá béèrè ibi tó ti rí i. Ó nawọ́ sí ìlà-oòrùn. Wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé oṣù tuntun máa ń tẹ̀ lé oòrùn wọ̀ ni, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti ń wá a. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àlùfáà ní ká má ṣe sọ ilé Ọlọ́run di kíláàsì. Màmá kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, wọ́n ní, “Àlùfáà, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣíwájú wa, màá bá yín gbààwẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ohun tí arákùnrin yìí rí, iná ilé búrẹ́dì ni.”

Ìjà tó gùn jù nínú ayé wọn, àbúrò wọn ni wọ́n bá jà á.

Àbúrò yìí ni Màmá Rísí. Ṣàbítíyù ni orúkọ wọn gan-an, Màmá mi sì máa ń pè wọ́n ní Sábí nígbà tí wọ́n ṣì ń dárúkọ wọn. Oko ni bàbá àwọn méjèèjì fi gbogbo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ṣe, Màmá sì kọ́ ilé tiwọn sí eteetí rẹ̀ níhìn-ín, Màmá Rísí kọ́ tiwọn sí eteetí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba àárín oko náà kọjá. Wọ́n ní ọbẹ̀ tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí iná nílé ẹnì kan á ṣì máa yọ èéfín tó bá dé ilé ẹnì kejì.

Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike fẹ́ ra ilẹ̀ náà. Màmá ní àwọn kò tà. Àwọn ọkùnrin ẹbí ní àwọn ń tà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ka, Màmá dúró dé àbúrò wọn, kí wọ́n lè jọ sọ pé rárá. Màmá Rísí dé, wọ́n sì bá àwọn ọkùnrin tẹ̀ka. Wọ́n ní àwọn kò lágbára ìjà, pé àwọn ní ọmọ tí àwọn ń tọ́. Ilẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ dé, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì dí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ti ilé wa lọ sí ilé Màmá Rísí á jáde sí títì, á yí ilé iṣẹ́ náà po, á sọdá ojú irin, á tún padà wọ àdúgbò láti ìhà kejì. Màmá kò rìn ín rí.

Ọdọọdún tí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, Màmá Rísí á di ẹran sínú abọ́, wọ́n á pè mí kí n wá gbé e. Màmá á jẹ ẹ́. Wọ́n á fọ abọ́ náà fúnra wọn, wọ́n á gbé e fún mi, wọn kò ní rán mi ní gbólóhùn kan. Tí mo bá gbé abọ́ dé ọ̀hún, ìbéèrè kan náà ni Màmá Rísí máa ń bi mí.

“Àṣàkẹ́, ṣé wọ́n jẹ ẹ́?”

“Wọ́n jẹ ẹ́, Mà.”

“Ó tó mi.”

Ilé iṣẹ́ yìí náà ló dí wa mọ́. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ti ga díẹ̀ ju tiwa lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ajàgbé ń fẹ́ ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n á ti máa kó ẹrù, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn àti òkúta sí i, wọ́n fi ògiri dè é, wọ́n da kọnkéré lé e. Wọ́n ń gbé e sókè lọ́dọọdún títí yáàdì wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn wa lókè dọ́gba. Gbogbo omi òjò orí yáàdì náà wá ń ṣàn bọ̀ sọ́dọ̀ wa. Ìsàlẹ̀ ilé wa di odò lásìkò òjò. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkè nìkan ló ṣeé gbé. Màmá lọ bá ilé iṣẹ́ náà, wọ́n lọ bá ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ júwe ìdagẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wọn. Gbogbo wọn ní àwọn gbọ́. Màmá ní, “Omi nìkan ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí mo ní ó máa gbà, ibẹ̀ ló gbà.”

Orí àtẹ̀gùn tó tutù ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú, tí egungun ìbàdí wọn fi dá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò gbé wọn dúró mọ́. Àga onítáyà ló kù fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn bọ̀, Ọ́ńkù Múfú, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, àti àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé wọn gun òkè. Ẹsẹ̀ ẹnì kan yẹ̀ láàrin àtẹ̀gùn. Wọn kò já wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ irú igbe tí Màmá ké lọ́jọ́ yẹn rí. Nígbà tí wọ́n tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé mi bí àpò sìmẹ́ńtì mọ́.” Ọ́ńkù Múfú náà búra pé kò tún ní ṣẹlẹ̀. Ó mú wẹ́dà wá, ó fi ilẹ̀kùn irin dí orí àtẹ̀gùn, ó fi irin dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní kí àga wọn má baà yí ṣubú ni. Dókítà ń wá sílé. Ohun gbogbo ń wá sílé. Màmá nìkan ni kò lọ síbì kankan.

Ọmọ dáadáa ni Ọ́ńkù Múfú. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò wá. Ṣùgbọ́n tó bá ti ilẹ̀kùn irin yẹn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, Màmá á máa gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi dákẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n wá fẹ́ràn. Láti ibẹ̀, wọ́n ń wo yáàdì ilé iṣẹ́ náà kọjá, nítorí wáyà lásán ni wọ́n fi ṣe ọgbà orí rẹ̀ nígbà náà. Ní òpin rẹ̀, láàrin gọ̀dáwọ̀nù àti ògiri kan, táǹkì omi dúdú kan yọ orí. Táǹkì Màmá Rísí ni. Màmá kò sọ fún mi pé àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn ń jókòó sí ìdojúkọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní, “Àṣàkẹ́, gbé páálí ńlá kan wá, pẹ̀lú rúlà àti abẹ́rẹ́.” Wọ́n ní kí n dúró sí ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lápá òsì, kí n fi abẹ́rẹ́ méjì fojú sun táǹkì náà lórí páálí, kí n fa ìlà. Mo lọ sí ìkángun apá ọ̀tún, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n wọn gígùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n sì yà á ní kékeré sáàárín ìlà méjèèjì lórí páálí. Ìgbà tí wọ́n ní kí n fa ìlà méjèèjì náà gùn títí wọ́n á fi pàdé ni mo wá mọ ohun tí à ń ṣe. Àtàǹpàkò ọjọ́sí ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ojú ọ̀tún àti ojú òsì. Ìlà méjèèjì pàdé, mo wọn ọ́n, mo sì sọ iye tó jẹ́. Kò tó ìrìn láti ilé wa dé ibi tí a ti ń wọ mọ́tò.

“Tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe. Ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé.

Màmá gba páálí náà lórí itan wọn, wọ́n fi ìka tọ ìlà kan lọ, wọ́n fi í tọ èkejì padà. Wọ́n ní, “Mo rò pé ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Rísí, ọmọ Màmá Rísí, pè mí lórí fóònù. Ó ní ìyá òun kò lè jẹun mọ́, pé àwọn dókítà ti ní kí àwọn máa gbé wọn lọ sílé. Mo sọ fún Màmá. Ní àárọ̀ kejì, wọ́n ní kí n pe Múfú wá.

“Múfú, mo fẹ́ lọ wo Sábí.”

Ọ́ńkù mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ wọn. “Màmá, a máa pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ máa rí ojú wọn kedere.”

“Ojú fóònù ni màá rí.”

“Ẹ fẹ́ ká gbé yín gba orí àtẹ̀gùn kẹ̀? Ẹ̀yin gan-an lẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé yín mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣubú ńkọ́? Kí gbogbo ayé máa sọ pé èmi ni mo pa ìyá mi?”

“Ṣé torí ohun tí ayé máa sọ lo fi tì mí mọ́lé?”

Ọ́ńkù Múfú mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn irin, ó lọ.

Màmá kò sunkún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a lè fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti òkè lọ sílẹ̀ fún àga wọn. Ọ̀nà tí àga onítáyà lè gbà láì já lọ, tí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, a gbọ́dọ̀ rìn síwájú ní méjìlá. Ilé wa ga. Wọ́n ṣe é lọ tààrà, ọgbà kò gbà á. Wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ká a lẹ́ẹ̀mejì, ògiri ń dá a dúró. Mo rí i tí wọ́n gbé bírò sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló wá ń sọ fún wọn pé wọn kò lè jáde. Wọ́n ní, “Kò gbà,” wọ́n sì ní kí n ti àga wọn lọ sí ẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wà, tí wọ́n ń wo àwọn ọlọ́kọ̀ ajàgbé, tí wọ́n ṣàdédé di ọwọ́ mi mú. Ọkùnrin kan ń ti ẹrù wọ inú ọkọ̀ lórí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ́ láti ilẹ̀ yáàdì sí ẹnu ọkọ̀.

“Àṣàkẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe ibi tí àwa wà yìí ló bá dọ́gba?”

A wá rọ́bà tí èèyàn ń rí inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà máa ń rọ omi sí láti fi mọ ohun tó dọ́gba. Mo ju orí rẹ̀ kan gba wáyà fún gáàdì ilé iṣẹ́ náà, Bàbá Tóyìn, ọkùnrin Èkìtì kan tó máa ń kí Màmá láràárọ̀. Ó gbé e lélẹ̀ lọ́hùn-ún, mo gbé tèmi lélẹ̀ níhìn-ín. Omi dúró. Ilẹ̀ yáàdì lọ sílẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ, ṣùgbọ́n kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Gbogbo yanrìn tí wọ́n fi rì wá mọ́ inú omi láti ọjọ́ yìí ti gbé ọ̀nà wá bá Màmá lókè.

Bàbá Tóyìn lọ pe máníjà. Ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, ó sì dúró lẹ́yìn wáyà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá tán. Ó ní, “Mà, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ni kọ́ńpìnnì. Tí nǹkan bá ṣe yín nínú yáàdì yìí, èmi ni wọ́n máa mú.”

“Orí ilẹ̀ bàbá mi lo dúró sí.”

“Mo mọ̀, Mà. Ẹ má bínú.”

Nígbà tí Ọ́ńkù Múfú dé lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ náà ló bá wọn, wọ́n ti oúnjẹ tì. Mo rò pé ìjà máa bẹ̀rẹ̀. Màmá ní, “Múfú, mi ò bínú sí ọ. Ká ní ó jìnnà ni, ǹ bá fara mọ́ ọn. Mo ti wọn ọ́n. Ó sún mọ́ tòsí. Ìyẹn ló ń dùn mí.”

Ọ́ńkù mi dúró, ó wo táǹkì yẹn fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé kò mọ̀ títí di ìgbà náà pé táǹkì yìí ni Màmá máa ń jókòó wò. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo rí i nínú yáàdì ilé iṣẹ́ náà, nínú jàlàbíà funfun tó wọ̀, tó ń bá máníjà sọ̀rọ̀. Máníjà ń mi orí. Ni Ọ́ńkù Múfú, àgbàlagbà tó ní ọmọ ní yunifásítì, bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré níwájú ọmọkùnrin náà. Máníjà fò sẹ́yìn, ó ń gbìyànjú láti gbé e dìde. Màmá gbé ojú kúrò. Nígbà tí Ọ́ńkù dé òkè, eruku bo àyà rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀. Ó ní, “Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni, tí wọn kì í ṣiṣẹ́. Àṣàkẹ́, pe wẹ́dà yẹn fún mi, kó wá gé irin tí mo ní kó jó síbí.”

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè náà, wọ́n ká wáyà kúrò, wọ́n tẹ́ irin pẹlẹbẹ wọn láti orí ògiri yáàdì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Màmá wọ aṣọ tí wọ́n fi lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n wo irin náà, wọ́n ní kí wọ́n fi pákó mú un gùn sí i lọ́hùn-ún kó lè tẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe é. Ọ́ńkù Múfú di àga mú lẹ́yìn, Bàbá Tóyìn di iwájú mú. Táyà iwájú gun irin, irin dún gbì, Màmá di ojú. Nígbà tí wọ́n la ojú, wọ́n ti wà lódìkejì.

Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà wà níwájú ilé Màmá Rísí gan-an. A kò pẹ́ rárá kí a tó débẹ̀. Màmá Rísí wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú pálọ̀, wọ́n ti rù, ojú wọn nìkan ló tóbi. Wọ́n gbìyànjú láti dìde kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, wọn kò lè ṣe é.

“Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló gbé yín wá?”

“Ẹnikẹ́ni kò gbé mi. Mo wá ni.”

“Ọ̀nà ibo lẹ gbà?”

“Inú oko Bàbá.”

Mo ń wo Ọ́ńkù mi, Ọ́ńkù mi ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá Rísí béèrè pé ṣé igi àgbálùmọ̀ tó wà ní àárín oko ṣì wà.

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, Sábí. Kọnkéré ni gbogbo rẹ̀.”

“Mo mọ̀,” ni Màmá Rísí wí. Omi ń bọ́ lójú wọn lọ sínú etí. “Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Màmá ní kí n ti àga àwọn sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gba kànrìnkàn lọ́wọ́ Rísí, wọ́n rì í bọ omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ẹnu àbúrò wọn tó ti gbẹ. Wọn kò tún mẹ́nu ba ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ń sọ, àti ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kan tó jẹ aṣọ ọdún wọn nígbà èwe. Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ, Màmá Rísí di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ní, “Ẹran Iléyá yẹn, ẹ kò sọ bó ṣe rí lẹ́nu yín rí.” Màmá ní, “Iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.”

Màmá Rísí kú kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, yáàdì kún fún ọkọ̀, ilé iṣẹ́ náà sì ti dá wáyà rẹ̀ padà. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Màmá ti gbọ́ ohùn àwọn tó ń kírun sí àbúrò wọn lára, Màmá náà sì kí tiwọn níbẹ̀ lórí àga. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n gbé máníjà náà lọ síbòmíràn. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní wáyà kò dáàbò bo ẹrù tó, ó sì mọ ògiri búlọ́ọ̀kù sí i. Ògiri náà ga ju orí Màmá lọ lórí àga. Táǹkì lọ, yáàdì lọ, ìlàjì ojú ọ̀run náà lọ. Ọ̀ọ́dúnrún ìgbà ni mo bẹ Ọ́ńkù pé ká wá ilé ibòmíràn. Ó wá a, Màmá kọ̀. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn láti máa kó ara àwọn kiri. Èmi kò gbà pé ó rẹ̀ wọ́n. Mo rò pé wọn kò fẹ́ kúrò ní igun oko tó ṣẹ́ kù.

Mo bá wọn gbé nínú ògiri yẹn títí dé òpin. Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọn kò sọ̀rọ̀ rárá. Mo lè máa sọ nípa ọjọ́ wọ̀nyẹn lọ, wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí Màmá báyìí, ìpadàbọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn ni mo máa ń rántí.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀. A dé àárín yáàdì, níbi tí kò sí ògiri tó sún mọ́ wa, Màmá sì gbé ọwọ́ sókè pé ká dúró. Ọ́ńkù Múfú rò pé ara ń ro wọ́n. Wọ́n ní rárá. Wọ́n gbé orí sẹ́yìn sórí àga, gèlè wọn yọ bọ́ sílẹ̀, wọn kò wò ó. Atẹ́gùn ń fẹ́ irun funfun wọn. Mo dúró kí wọ́n na ọwọ́, kí wọ́n di ìkúùkù, kí wọ́n wọn nǹkan kan. Wọn kò wọn nǹkan kan. Máníjà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Tóyìn wúkọ́. Ọ́ńkù mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí wọn, ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé àwọn ènìyàn ń dúró, kí wọ́n jẹ́ ká máa wọlé.

Wọn kò gbé orí wọn padà. “Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n,” ni Màmá wí. “Ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níta díẹ̀.”